Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè, Onílé Tàbí Ayálégbé?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ tẹ̀dó sí ìlú Bìní, àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí bí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè rí owó kọ́ ilé tí yóò máa fi háyà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Mo gbà, nítorí pé mo kọ́ ìṣirò owó díẹ̀ ní Auchi Polytechnic, mo sì ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tí mo mú bíírò, ìbéèrè mìíràn ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Ibi tí owó ti lè wá kò ṣòro láti sọ. Èyí tó ṣòro ni ìbéèrè pé: owó ta ni? Ta ni ó ru ẹrù ilé náà kí orúkọ tiwa tó hàn lára géètì?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin National Housing Fund ní ọdún 1992. Lábẹ́ òfin yìí, náírà méjì ààbọ̀ nínú 100 náírà owó oṣù òṣìṣẹ́ ń lọ sí Federal Mortgage Bank of Nigeria. Òṣìṣẹ́ tó bá ń dá owó yìí lè yá owó ilé níbẹ̀ ní èlé náírà 6 lórí 100 náírà lọ́dún, kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ títí dé 30 ọdún. Ní ọdún 2023 wọ́n gbé iye tó pọ̀ jù lọ tí ènìyàn kan lè yá láti mílíọ̀nù 15 náírà dé mílíọ̀nù 50. Èlé tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yóò máa gbé ni wọ́n ṣe owó náà fún. Bákan náà ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Láti ọdún 2022 ni PenCom ti gbà kí òṣìṣẹ́ mú ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti fi ṣe àsansílẹ̀ ilé. Ilé ìgbé ara ẹni ni òun náà. Èmi kò bá ìjọba jà lórí èyí. Ẹni tí kò tíì ní ibi tí yóò forí pamọ́ sí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú owó gbogbogbòò.

Ó wá ku báńkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tí àwọn báńkì yòókù ń wò kí wọ́n tó dá tiwọn dé náírà 27.50 lórí 100 náírà. Èyí tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ èmi àti ìwọ yóò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé oníyàrá mẹ́jọ wo ni yóò pa owó tí yóò san irú èlé yẹn? Wọn yóò sì tún béèrè C of O, nítorí pé Land Use Act tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ilé rẹ̀ dúró fún gbèsè gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda Gómìnà.

Níbi ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní ọdún 1989, ẹjọ́ kan láàárín Savannah Bank àti oníbàárà rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa. Wọ́n ti fi ilé dúró fún gbèsè. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà, onílé ní ìwé tí àwọn jọ fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé Gómìnà kò fi ọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ gbà fún un. Ohun tí òfin sọ ni ilé ẹjọ́ tẹ̀ lé, n kò sì lè bá àwọn adájọ́ jiyàn. Àmọ́ mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà: bí òfin bá ní ìwé kò sí, ṣé owó tí a ti ná náà kò sí ni? Ní àwọn ọdún 1990, ilé ẹjọ́ kan náà tún wo ọ̀rọ̀ náà nínú àwọn ẹjọ́ mìíràn, ó sì dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé ó fi hàn pé gbèsè kan wà tí ojú òfin kò rí. Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé èmi náà jẹ ẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí owó ìjọba kò ti sí fún ilé háyà, tí báńkì sì wọ́n, ọ̀nà tó kù fún àwa kékeré ni èsúsú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹbí, àti àwọn tí yóò gbé inú ilé náà. Èsúsú ti wà tipẹ́. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Bascom sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní tirẹ̀ gba òfin ní Nàìjíríà ní 1935. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, ìlọ́po méjì owó tí o ti fi pamọ́ ni wọ́n ń yá ọ, ẹni méjì yóò sì dúró fún ọ. Ibi ìdúró yẹn ni ẹnu mi ti ń wúwo.

Nígbà tí mo ń kọ́lé, wọ́n gbé mi láti ọ́fíìsì kan lọ sí òmíràn. Nítorí àyípadà yìí, owó tí wọ́n ń yọ fún ẹgbẹ́ nínú owó oṣù mi dáwọ́ dúró. Mo rí i. Mo dákẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gba owó oṣù mi ní odidi, tí mo fi ń ra ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹgbẹ́ kò ṣe méjì, wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù ọ̀kan nínú àwọn onídùúró mi. Ọkùnrin náà kò bá mi jà, kò tilẹ̀ sọ fún mi. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ti mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ìwé tó ń lọ, tó fi í sí ibi tí owó rẹ̀ kéré, ni mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo san owó rẹ̀ padà títí dé kọ́bọ̀. Ọmọ náà kò padà sí ilé ìwé yẹn mọ́. Títí di òní, bí mo bá ti ń ṣí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn, mo mọ ẹni tó rà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé náà gan-an. Ní ọdún 2006 mo ra ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Ekenwan. Mo san owó ilẹ̀, mo tún san "deve" fún àwọn ọ̀dọ́ kí bíríkìlà tó lè kan ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, torí pé òfin tí ìjọba Edo ṣe ní 2017 láti dáàbò bo dúkìá ènìyàn ṣì jìnnà sí wa nígbà náà. Owó ẹgbẹ́ gbé yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, dé lintel, ó sì tán. Ìyàwó mi ta aṣọ òkè méjì àti ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ kan. Ìyẹn ra igi òrùlé. Páànù ló kù. Òjò ń pa ògiri, koríko ń hù láàárín yàrá. Ni bíríkìlà mi bá sọ fún mi ohun tí gbogbo bíríkìlà ní Bìní mọ̀: "Ọ̀gá, ẹ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó máa gbé ibẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mo rí ẹni mẹ́fà. Yàrá kan jẹ́ 1,500 náírà lóṣù ní ọdún 2007 yẹn; owó ọdún méjì jẹ́ 36,000. Ti ẹni mẹ́fà jẹ́ 216,000 náírà. Mo ra páànù, mo gbẹ́ ṣálángá. Wọ́n kó wọlé nígbà tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Inú mi dùn, mo sì ń fọ́nnu fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé n kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ṣọgúndogójì kankan.

Ìṣirò ni iṣẹ́ tí mo kọ́, ẹ bá mi ṣe é. Ká ní mo ti lọ yá 216,000 náà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba náírà 3 lórí 100 náírà lóṣù (mo mọ àwọn tó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ), kí n sì máa dá 9,000 padà lóṣooṣù fún oṣù 24, kí èlé sì máa dínkù bí gbèsè bá ti ń dínkù. Gbogbo èlé tí n bá san jẹ́ 81,000 náírà. Àwọn ayánilówó kan kì í jẹ́ kí èlé dínkù. Ní tiwọn, yóò jẹ́ 155,520. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sí èyí tó rọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bù ú lé. Ẹ pín 81,000 sí ọ̀nà mẹ́fà. Ó jẹ́ 13,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún pín ìyẹn fún 1,500. Ó jẹ́ owó ilé oṣù mẹ́sàn-án gbáko.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi bùn mi ní èlé tó tó owó ilé oṣù mẹ́sàn-án. N kò dá nǹkan kan padà. N kò fi ẹ̀dínwó kankan sí i. Mo tilẹ̀ gba owó "agreement" lọ́wọ́ wọn lé e lórí.

Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ojú owó kò dín títí wọn yóò fi san án pé. Ìyà ńlá ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ó padà wá. Síbẹ̀, àwọn ará àtijọ́ gbà pé ẹni tó gbé owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fi ṣe nǹkan, ẹ̀tọ́ kan wà fún un. Tiwa lónìí yí padà bìrí. Ẹni tó gbé owó kalẹ̀ ni ó ń dọ̀bálẹ̀. Òun ni ó ń pe ẹni tó yá lówó ní "sà".

Mo mọ ohun tí àwọn onílé inú wa yóò sọ, nítorí pé èmi náà ti sọ ọ́ rí. Wọn yóò ní: ayálégbé náà jèrè, nítorí pé owó ilé kò lè lé sí i fún ọdún méjì, bí ọjà tilẹ̀ gbówó lórí. Òótọ́ ni. Ní ọdún tí sìmẹ́ǹtì bá fò sókè, ẹni tó ti sanwó sílẹ̀ rí ẹ̀rín rín. Wọn yóò tún ní: bí a bá ń gbà á lóṣooṣù, àwọn kan kò ní san, ilé ẹjọ́ sì ń falẹ̀. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Mo ti ní ayálégbé kan tó gbé ọdún kan ààbọ̀ láì san kọ́bọ̀, tó tún tú gílóòbù lọ nígbà tó ń kó jáde. Ọ̀tọ̀ ni kí a gba owó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà nítorí ìbẹ̀rù, ọ̀tọ̀ sì ni kí a gba ti ọdún méjì nítorí páànù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdúró. Èkejì jẹ́ ẹ̀yáwó tí a kò fẹ́ pè ní orúkọ rẹ̀.

Ní Èkó, òfin ọdún 2011 ní kí onílé má ṣe gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ Ìkòyí àti àwọn àdúgbò olówó bíi rẹ̀ sílẹ̀. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá yàrá lójú méjèèjì kò ní fi òfin wá a. Ohun tí onílé bá béèrè ni yóò san, kò sì ní gba rìsíìtì èyí tó lé.

Àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọn kì í sún mọ́ owó elélé rárá, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìdí nìyẹn tí òun fi gba owó ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ayálégbé òun. Mo bi í pé níbo ni àwọn yẹn ti rí owó ọdún mẹ́ta kó jọ. Ó dákẹ́, nítorí pé olóòótọ́ ènìyàn ni. Àwa Kìrìsìtẹ́nì kò sàn jù ú lọ. Inú ìwé wa ni Jeremáyà ti bá ọba Jehoiakimu wí pé ó fi iṣẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ kọ́ ààfin láì sanwó fún un, a sì ń kà á nínú ilé ìjọsìn tí a máa ń lọ kí a tó lọ gba owó ilé.

Ní 2009, ọdún méjì pé. Mo sọ owó yàrá di 2,500, mo sì tún béèrè ti ọdún méjì, ìyẹn 60,000. Mẹ́ta nínú wọn san án. Méjì bẹ̀ mí, mo sì gba ti ọdún kan. Ẹkẹfà ni ìyá kan, ọmọ Èṣán, tó ń ránṣọ, tó sì bí ọmọ mẹ́ta. Kò bẹ̀ mí. Ó wá bá mi nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó, ó sì fi èdè Pidgin sọ̀rọ̀ tí n óò gbìyànjú láti sọ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní: "Lánlọ́ọ̀dù, nígbà tí ẹ ń wá páànù, ẹ pè mí ní àbúrò yín. Páànù ti dé orí ilé báyìí, mo ti di ayálégbé."

Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí n kò mọ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ni ó ti yá 36,000 tó kó fún mi ní 2007. Ó san èlé 1,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́wàá kí ó tó bọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ọdún méjì tí mo fi ń yangàn pé mo kọ́lé láì san èlé, ẹnì kan ti san èlé náà. Òun ni. Abẹ́rẹ́ ni ó fi ń ran owó náà jọ.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dín owó rẹ̀ kù. N kò dín in. Mo ní n óò rò ó. Gbèsè ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi, mo sì bẹ̀rù pé bí mo bá dín ti ẹnì kan kù, àwọn márùn-ún tó kù yóò gbọ́. Ó kó jáde ní ìparí oṣù náà. Ó gbá yàrá náà mọ́ kí ó tó lọ, ó sì fún ìyàwó mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí pé àlejò ni àwọn bàbá wa nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gba yàrá kan lọ́wọ́ onílé Bìní, tí ìdílé sì kún inú rẹ̀. A máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lórí ọ̀rọ̀ ilé, n kò mọ ẹni tó jẹ́ àgbàlagbà níbẹ̀ mọ́. Onílé ní ilẹ̀, kò ní òrùlé. Ayálégbé ní owó òrùlé, kò ní ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ kọ́lé ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọ̀nà wo ni òun lè gbà rówó kọ́ ilé háyà, mo máa ń sọ pé kí ó lo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó kọ́ yàrá méjì kí ó tó kọ́ méjì mìíràn, kí ó má sì sá fún owó ayálégbé bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yáwó ni, kí ó sì san ohun tó bá yẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hólù ní 2015, mẹ́rin nínú àwọn ayálégbé mi sanwó ọdún kan sílẹ̀. Mo yọ oṣù méjì kúrò nínú tiwọn, a sì jọ fọwọ́ sí i. Àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ mi ní mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Ìyàwó mi ní oṣù méjì kò tó, nítorí pé inú ilé kan náà ni a ti ń bu omi mu.

Ní ọdún 2019, ọkàn mi kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo béèrè títí mo fi rí ìyá tó ń ránṣọ yẹn. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní apá Uselu, ọmọ iṣẹ́ méjì ń bá a wa ẹ̀rọ. Mo gbé 13,500 náírà sínú àpò ìwé, mo sì mú bébà tí mo fi ṣe ìṣirò náà dání kí ó má baà rò pé ìtọrẹ àánú ni. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀méjì. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe dé orí 13,500: náírà 3 lórí 100, oṣù 24, ẹni mẹ́fà. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi abẹ́rẹ́ kan an mọ́ ara aṣọ tó ń rán lọ́wọ́.

Ó wá gbé ojú sókè. "Lánlọ́ọ̀dù," ó ní, "láti 2009 ni ẹ ti mú owó mi yìí dání. Èlé tirẹ̀ ńkọ́?"